Rákì Pelopidas àti Omi Efinrin

Pelopidas mọ iṣẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ ọn. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó di àrùn sí i lára. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, a ó kúkú sá fún un. Ẹni tó mọ iṣẹ́, tó wá sọ iṣẹ́ ọ̀hún di dígí tó fi ń wo ojú ara ẹ̀ láràárọ̀, òun gan-an ló ń kó bá tilé-toko.

Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe. Kì í ṣe wáyà iná. Wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ara kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn ni. Gbogbo wáyà inú ilé ńlá á wá pàdé ní yàrá kékeré kan, lára férémù irin gíga tí wọ́n ń pè ní rákì. Lókè rákì ni pátákó oníhò wà, níbi tí àwọn wáyà ògiri parí sí. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń to àwọn súwíìṣì sí léra wọn, àpótí irin pẹlẹbẹ tí ihò kún iwájú ẹ̀, tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀. Kí èèyàn fi wáyà kúkúrú so ihò òkè mọ́ ihò ìsàlẹ̀, ó parí. Ẹni tí kò bá ya dìndìnrìn á ṣe é lọ́sàn-án kan, á sì lọ mu kọfí tútù ẹ̀ lábẹ́ igi.

Lọ́wọ́ Pelopidas, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Á wọn wáyà kọ̀ọ̀kan, á gé e gẹ́lẹ́ bó ṣe tó, kò ní fi ìwọ̀n èékánná kan lé e. Á fi òòyà onírin ya gbogbo wọn kí ọ̀kan má gun èkejì lórí. Á wá fi okùn ike dì wọ́n, ìdì lẹ́yìn ìdì, bí irun ìyàwó tuntun. Bó bá parí, á ya fọ́tò ẹ̀, á gbé e sí ojú ìwé kan lórí fóònù níbi táwọn oníwáyà ilẹ̀ Gíríìsì ti ń yin ara wọn. Bàbá ọlọ́mọ nínú wọn, irun funfun lágbárí, á jókòó ti oúnjẹ àárọ̀, á máa kọ ọ́ pé, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò ní ká o!" "Ẹ̀gbọ́n, omijé ń bọ́ lójú mi!" Nítorí wáyà. Ṣíọ̀!

Evanthia ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gun àjà ilé lọ, tó ń wọ́ wáyà gba inú eruku àti ìgbẹ́ eku kọjá, tí ọkọ ẹ̀ á fi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ẹnu obìnrin náà mú ju abẹ lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn láti ìlú Veria dé odò.

Lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nǹkan kan wà nílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà tí kò dùn. Ẹ̀gbọ́n Evanthia tó ń gbé ní Stuttgart nílẹ̀ Jámánì ti bá a rí iṣẹ́ lọ́hùn-ún, Evanthia sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú. Kò sí ìjà, kò sí ìkọ̀sílẹ̀. Owó ni kò sí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ìjókòó oṣù méjì, ta ló ń fìyẹn gbọ́ bùkátà ilé? Pelopidas kò fẹ́ kó lọ. Kò fẹ́ rárá ni. Bó bá ti rí báàgì ìrìn àjò ìyàwó ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, inú ẹ̀ á bà jẹ́, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀. Àmọ́ ṣé ó lè la ẹnu kó ní, "Ìyá Domna, jọ̀ọ́, má lọ"? Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa! Wọ́n á kúkú gbé òkúta mì.

Ọ̀nà kan ló kù. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa kọ́ ilé ńlá tuntun tí wọ́n á ti máa wọn èso píìṣì, tí wọ́n á ti máa kó o sí yàrá òtútù. Stergios ni alága ẹgbẹ́, òun náà ló gbé Domna ọmọ Pelopidas lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi, lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ti di ẹbí. Iṣẹ́ wáyà ilé náà, ta ni wọ́n tún fẹ́ gbé e fún?

"Pelopidas," Stergios sọ fún un, "ìwọ ni kó o ṣe é. Lọ́jọ́ tí àlùfáà wa, Bàbá Gerasimos, bá wá bùkún ilé yìí, bí gbogbo ẹ̀ bá dúró ire, iṣẹ́ olùtọ́jú ẹ̀rọ di tìẹ. Owó oṣù ni o, títí o ó fi fẹ̀yìn tì."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá Stergios. Ẹ máa rí ohun tí ojú yín ò rí rí."

"Mi ò fẹ́ rí nǹkan kan. Kí òṣùwọ̀n sáà máa wọn èso."

Pelopidas kò gbọ́ ìyẹn. Orí ẹ̀ ti wú. Ó rò ó pé bó bá ti rí iṣẹ́ yìí, Evanthia á tú ẹrù tó dì, kò sì ní sí pé òun ń bẹ ẹnikẹ́ni. Báyìí ló ṣe kó gbogbo ìfẹ́ tó ní sí ìyàwó ẹ̀ lọ dì mọ́ ara wáyà.

Súwíìṣì mẹ́ta ni wọ́n gbé sínú rákì náà. Pelopidas ní kí gbogbo wáyà gba iwájú sọ̀kalẹ̀, nítorí fọ́tò. Ìyẹn ni pé wáyà tó ń lọ sí súwíìṣì ìsàlẹ̀ gba ojú súwíìṣì àárín kọjá, ó nà tán-án-ná bí okùn tí wọ́n so ewúrẹ́ tó fẹ́ já mọ́. Evanthia wò ó, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá Domna, fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wáyà yìí."

"Àyè kí ni?"

"Àyè tí èèyàn lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èyí tó wà láàárín bá kú ńkọ́? Ibo lo fẹ́ gbà fà á jáde? Àní ojú nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ rákì gan-an, o ti dì í pa."

"Kí ló máa pa á?"

"Ohun tó ń pa nǹkan ni. Ṣé ìwọ lo dá a ni?"

Pelopidas rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, ó fẹ́ eruku tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára wáyà. "Àyè ni ọ̀lẹ ń fi sílẹ̀, Ìyá Domna. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, gẹ́lẹ́ ló ń gé e."

"Ó dáa. Ra súwíìṣì kan sí i, kó wà ní sípéè."

"Mo ti rà á, ó wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. Ìwọ àti ìbẹ̀rù ẹ, ẹ máa gbé e sùn."

Báàgì kan tún wà tí Evanthia máa ń gbé kiri, tó kún fún àwọn wáyà gígùn tí wọ́n ti ṣe tán láti ilé iṣẹ́, pupa, àyìnrín, àwọ̀ ọsàn, èyí tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbẹ̀ yẹn. Ìfun ewúrẹ́ ni Pelopidas ń pè é. Ó ti fẹ́ dà á nù kò lóǹkà. Ó ní báàgì náà ń ba òun lórúkọ jẹ́.

Ọjọ́ ìbùkún pé, nínú oṣù Keje, oòrùn ti ń ta láti àárọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti kó píìṣì àkọ́kọ́ dé, ọkọ̀ tò láti ẹnubodè dé ojú títì. Èso yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, á rọ̀, á máa ṣomi, kò sì sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Ẹrù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n, kí ìwọ̀n ẹ̀ gba inú wáyà lọ sí ọ́fíìsì, kí ilẹ̀kùn yàrá òtútù tó ṣí fún un. Wọ́n ti wọn ọkọ̀ bíi mélòó kan kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ geerege.

Bàbá Gerasimos dé pẹ̀lú abọ́ omi àti ìdì efinrin tútù. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun tuntun tí wọn kì í wọ́n omi efinrin sí, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀bù, ì báà ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ohun rere ni. Àmọ́ Bàbá Gerasimos kì í wọ́n omi, ó ń dà á ni. Ọwọ́ ẹ̀ wúwo. Nígbà tó bùkún katakata tuntun fún ẹnì kan lọ́dún tó kọjá, oníkatakata lọ sílé lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìlú ló mọ̀.

Evanthia rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, ó sáré wọ yàrá rákì. "Bàbá Domna, ilẹ̀kùn gíláàsì rákì yìí dà?"

"Mo yọ ọ́. Ó ń dán sí kámẹ́rà."

"Gbé e padà kíá! Ìwọ ò mọ Bàbá Gerasimos ni?"

"Ṣé wọ́n máa ń fi ìbòjú bo ìyàwó níwájú ẹni tó wá kí i ni? Gba fóònù, kí o ya wá dáadáa. Èmi, Bàbá, àti rákì."

"Omi ni ọkùnrin yẹn gbé lọ́wọ́ o."

"Omi àdúrà ni," Pelopidas dá a lóhùn. "Omi àdúrà kì í pa nǹkan."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì àfi lọ́jọ́ Àjíǹde, òun náà ló ń ṣe ìwàásù.

Bàbá Gerasimos wọlé, Stergios tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fẹ́ wọ́n omi sí àjà kó sì kọjá lọ. Ó ti fẹ́ kọjá tán! Pelopidas ló dì í lápá aṣọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ ọn. Ẹ fún un ní tiẹ̀ dáadáa."

"Ṣé kò léwu, ọmọ mi?"

"Ewu kẹ̀? Ẹ wò ó bó ṣe dúró. Ẹ wọ́n ọn!"

Bàbá Gerasimos ki efinrin bọ abọ́, ó gbé e sókè, ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹta ní àmì àgbélébùú. Omi ṣàn gba ojú wáyà wọ̀nyẹn, tó rẹwà, tó tẹ́jú bí òrùlé páànù, ó sì kán wọ ojú súwíìṣì àárín. Evanthia ya fọ́tò náà. Ẹ̀rín wà lójú ọkọ ẹ̀ níbẹ̀ dé etí. Pelopidas gba fóònù ẹ̀, kò dúró kí àlùfáà jáde, ó ti gbé e sí ojú ìwé àwọn oníyìn.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé, bíi ti ike tó jó. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún ṣaa, gbogbo iná súwíìṣì àárín kú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òṣùwọ̀n ti dákẹ́ o!" ẹnì kan pariwo láti gbọ̀ngàn.

"Ilẹ̀kùn òtútù náà ò ṣí mọ́!"

Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Stergios yíjú sí Pelopidas. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, ọ̀gá. Sípéè wà. Màá pààrọ̀ ẹ̀ báyìí-báyìí."

Ó na ọwọ́ sí súwíìṣì tó kú, ọwọ́ kò wọlé. Ó fi ìka kan gbìyànjú, ìka kò wọlé. Wáyà ìsàlẹ̀ dí ojú ẹ̀ pa, ó le koránkorán, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó tú ń bẹ lẹ́yìn ìdì tóun fúnra ẹ̀ dì. Òógùn bò ó. Ó mú abẹ kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn ike wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn. Ó tú ìdì kan, wáyà náà dúró gbagidi síbi tó wà. Níbo ló fẹ́ lọ? Kò kúkú ní àyè tó fẹ́ lọ.

"Pelopidas," àgbẹ̀ kan ké láti ẹnu ọ̀nà, "bó o bá parí tìẹ, wá di irun ìyàwó mi!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," òmíràn ní, "ó ń kí i pé ó dàbọ̀ ni. Píìṣì wa ló sáà ń di ọtí nínú ọkọ̀!"

Nígbà náà ni Evanthia tó ti sáré jáde wọlé padà. Ó gbé àpótí píìṣì òfìfo sọ́wọ́ kan, súwíìṣì sípéè wà ní abíyá ẹ̀, báàgì ìfun ewúrẹ́ wà ní èjìká ẹ̀. Ó da àpótí náà dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ rákì, ó gbé súwíìṣì lé e lórí, ó ki iná bọ̀ ọ́. Ó mú síṣọ́ọ̀sì ńlá.

"Bìlà."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Èyí tó kú, kó kú síbẹ̀. Màá gé wáyà kúkúrú tó so mọ́ ọn kí ọwọ́ lè wọ ẹnu ihò lókè, màá fi èyí tó gùn sí i, màá so ó mọ́ èyí tó wà lórí àpótí. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Orí àpótí píìṣì?" Pelopidas figbe ta. "Nílẹ̀? Pẹ̀lú ìfun ewúrẹ́ yẹn? Ìyá Domna, má dán an wò! Fún mi ní wákàtí díẹ̀, màá tú u."

"Wákàtí díẹ̀!" Stergios na ìka márààrún sí rákì náà, wákà gidi, èyí tí wọ́n fi ń rán èèyàn sí ìyá ẹ̀. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ wáyà arẹwà! Àwọn èèyàn ń sunkún níta!"

Evanthia ṣí ẹnu síṣọ́ọ̀sì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, àmọ́ kò gé e. Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀, kò sí ẹ̀sín kankan nínú ẹ̀ mọ́, ìyẹn ló sì ba Pelopidas lẹ́rù.

"Ó yá, sọ ọ́. Kí n gé e, àbí kí n lọ gbé báàgì ìrìn àjò mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá? Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ṣé ó le? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. "Gé e." Bó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ gbogbo èyí tó kù náà, títí kan "má lọ". Pelopidas mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo wáyà, bó ṣe tẹ́jú, bó ṣe ń dán, tí ẹyọ kan kò gun èkejì. Ó wo ìyàwó ẹ̀, tí eruku àjà ṣì wà nínú irun ẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ti la ẹnu. Ni fóònù bá dún nínú àpò ẹ̀, tín-ín, ẹnì kan ti yìn ín, tín-ín, ẹlòmíràn tún ti yìn ín. Pelopidas bá tún padà wo wáyà.

Evanthia rí i. Ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ òun wo ìdì wáyà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wo òun. Ó gé e.

Wáyà ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀ bí irun lábẹ́ ìjókòó onígbàjámọ̀. Evanthia ń fa orí tó kù jáde nínú pátákó, ó ń ki èyí tó gùn bọ̀ ọ́, ihò àkọ́kọ́ sí ihò àkọ́kọ́, ihò kejì sí ihò kejì. Pupa lọ síbí, àyìnrín fì sọ́hùn-ún, òmíràn wọ́lẹ̀, òmíràn lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rákì. Ó burú lójú. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó burú gan-an ni. Pelopidas fara ti ògiri, fóònù ń dún tín-ín, tín-ín.

Iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lórí àpótí píìṣì, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ariwo sọ láti gbọ̀ngàn. "Ó ti ń wọ̀n o! Òṣùwọ̀n ti jí!" Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gun orí ẹ̀.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni àgbẹ̀ tó ń wá ẹni tó máa di irun ìyàwó ẹ̀ yẹn wí, ó sì bá ti ẹrù ẹ̀ lọ.

Stergios wo rákì, ó wo àpótí, ó wo ìtàkùn pupa òun àyìnrín tó wọ́ kiri ilẹ̀. Ó fọwọ́ nu òógùn. "Ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́," Evanthia dáhùn.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Títí ìkórè á fi parí, mo bẹ̀ yín, ẹ má mí lé e lórí. Ìyáàfin Evanthia, ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùtọ́jú di tiyín."

"Ọ̀gá Stergios!" Pelopidas fò kúrò lára ògiri. "Èmi lẹ ṣèlérí fún! Ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi níbi ìrìbọmi!"

"Mo gbé ọmọ ẹ. Ṣé mo ní màá gbé wáyà ẹ náà ni? Ìyá ọmọ kan náà sáà ni. Ilé kan náà ni owó ń lọ." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Ìyáàfin, ẹ máa nílò ẹnì kan tó máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ mú ẹni tó bá wù yín. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Yàrá náà wá ku àwọn méjèèjì. Evanthia ń pa síṣọ́ọ̀sì dé, ó ń kó ìdì wáyà tó kú sínú àpò ìdọ̀tí. Inú Pelopidas dùn, inú ẹ̀ sì bà jẹ́, kò mọ èwo ni kó mú. Bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú máa lọ láìsí obìnrin yìí nínú ẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ nìyẹn, ọwọ́ ẹ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Domna."

"Mo ń gbọ́."

"O ò ní lọ sí Stuttgart mọ́, àbí?"

"Mo ti rí iṣẹ́. Kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ẹni tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ yẹn..." Òkúta tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí há a lọ́nà ọ̀fun, ó tiraka, ó sọ ọ́ jáde. "Mú mi. Jọ̀ọ́. Màá gun àjà. Mi ò ní mú òòyà dání."

Evanthia gbé orí sókè. Ó wo àpótí píìṣì tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀. Ó wo Pelopidas, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Fóònù dún nínú àpò ọkùnrin náà, tín-ín.

Obìnrin náà bá tún padà wo àpótí píìṣì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ ẹ̀ náà ṣe padà wo wáyà.